Ọ̀pá Ìdarí Tó Fẹ̀ Jù: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Méje láti Kubwa sí Òkè Jos

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́ Ajé

Agogo mẹ́fà àárọ̀ kù díẹ̀ nígbà tí èmi àti àbúrò ìyàwó mi kúrò ní Kubwa, òun lórí Bajaj Boxer rẹ̀, èmi lórí Yamaha DT 125 àtijọ́ tí mo ti ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀ láti ọdún tó kọjá, nítorí pé iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ tí mo ń ṣe máa ń gbé mi wọ inú oko àti ẹsẹ̀ òkè tí ọkọ̀ kò lè dé. Ohun tí mo tún ṣe kẹ́yìn ni hándù, ìyẹn ọ̀pá ìdarí tí a ń dì mú. Èyí tó bá alùpùpù náà wá ti tẹ̀ nígbà kan tí mo ṣubú, mo sì fi ọ̀pá alumíníọ̀mù tokunbọ̀ kan rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń fi alùpùpù sáré nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkìtì máa ń lò. Kí n tó jáde nílé mo ta téèpù ìwọ̀n sí i láti ṣóńṣó kan dé ìkejì, ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 82. Inú mi dùn sí ìfẹ̀ yìí, torí ẹni tó bá fi ọ̀pá gígùn yí òkúta kì í làágùn tó ẹni tó fi kúkúrú yí i.

Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti lé ọ̀kadà akérò kúrò ní àárín ìlú Àbújá, nítorí náà títì ibẹ̀ gbòòrò fún ẹni tó bá ń kọjá lọ lórí alùpùpù ara rẹ̀, n kò sì rí ìdí kankan láti ronú nípa ìfẹ̀ hándù mi títí a fi já sí Nyanya. Láti ibẹ̀ dé Mararaba, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni. Àbúrò mi rí àlàfo láàárín bọ́ọ̀sì méjì, ó gbà á kọjá bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ wọlé. Èmi tẹ̀ lé e, ṣóńṣó hándù mi ti ọ̀tún sì há sábẹ́ dígí ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì náà. Hándù Boxer rẹ̀ fi nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kúrú ju tèmi lọ, kò jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbú àtẹ́lẹwọ́ yẹn ló jẹ́ kí ó ti mu omi, kí ó ti jẹun tán ní Keffi kí n tó bá a níbẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà yọ orí síta, ó gbọ́ èdè tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́, ó sì fi Yorùbá dá mi lóhùn: “Ọ̀gá, ẹ rọra o, màlúù oníwo lẹ gùn yìí.” Keffi la sùn.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A gba Akwanga kọjá, a sì dé ẹsẹ̀ Hawan Kibo nígbà tí oòrùn ti mú. Hawa ni àwọn Haúsá ń pe gígun òkè, ọ̀nà náà sì ń lọ́ bí ejò títí tó fi gbé ènìyàn dé orí òkè pẹrẹsẹ Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sí ojú òkun. Níbẹ̀ ni hándù fífẹ̀ ti gbè mí gidigidi. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, tí táyà ọkọ̀ ńlá sì ti fọ́n òkúta wẹ́wẹ́ sí etí rẹ̀, mo kàn ń ti ọwọ́ kan díẹ̀ ni, táyà iwájú sì ń ṣe ohun tí mo fẹ́ láìjà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi dé Riyom, tí ọyẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọ inú aṣọ, àárín èjìká mi méjèèjì ti ń dùn mí bí ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ gbá igi ìrókò mọ́ra. Mo rò pé òtútù ni. A wọ Bukuru nírọ̀lẹ́, a sì sọ̀ sí ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi, Bàbá Alájórin, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n pọ̀ ní agbègbè Jos yìí débi pé ènìyàn lè ra ọjà, kí ó ná an, kí ó sì gba ṣẹ́ńjì láìfi èdè mìíràn kún Yorùbá.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́rú

Lórí òkè yìí, igi ọrọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń sọgbà yí oko àchà, ìyẹn ọkà oníhóró wẹ́wẹ́ kan, àti oko ọ̀dùnkún òyìnbó wọn ká. Igi náà ga ju ènìyàn lọ, ó dúró gbagidi ní ẹsẹẹsẹ, ọ̀nà tó sì kù láàárín ọgbà méjì kò ju ibi tí ẹni tó ru ìdì igi lè gbà kọjá. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ la wọ̀ lẹ́yìn Bukuru láàárọ̀ òní. Àbúrò mi wà níwájú. Èmi dìde dúró lórí ibi ìtẹsẹ̀, mo tẹjú mọ́ ilẹ̀ torí ipa kẹ̀kẹ́ tó jìn, n kò sì wo ẹ̀gbẹ́.

Ṣóńṣó òsì ló kọ́kọ́ kan igi. Ariwo rẹ̀ kò tó nǹkan, ó dún bí ìgbà tí a bá fi ọ̀bẹ kan iṣu. Ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni hándù yí sí òsì, táyà iwájú dojú kọ ọgbà, alùpùpù sì gbé mi lọ dùbúlẹ̀ sínú igi ọrọ́. Mo ti ronú sí i lálẹ́ òní kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀: agbára tí gígùn ọ̀pá fún mi lórí táyà, agbára kan náà ló fún igi ọrọ́. Bí ohun tí a fi ara gbá bá ṣe jìnnà sí àárín hándù tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rọrùn fún un tó láti já ìdarí gbà mọ́ ẹni tó ń gùn ún lọ́wọ́. Mo ti rò pé èmi nìkan ni ọ̀pá gígùn ń ṣiṣẹ́ fún.

Oje funfun tí igi náà ń sun ló bà mí lẹ́rù ju ìṣubú lọ, torí ó máa ń ta ara, bí ó bá sì wọ ojú, ọ̀ràn dé. Ó ti ta sára àkoto mi, ó sì ti ta sí ọrùn ọwọ́ mi níbi tí ìbọ̀wọ́ kò dé. Obìnrin àgbẹ̀ kan tó wà nítòsí sáré dé, ó ń wí pé “Sannu, sannu,” ó di ọwọ́ mi mú kí n má baà fi nu ojú, ó sì da omi inú jálá rẹ̀ lé e lórí títí tí funfun náà fi lọ. Ibẹ̀ ń yún mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n kò wú.

Nírọ̀lẹ́, mo ti alùpùpù wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n bá mi gé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin mẹ́rin kúrò lápá méjèèjì. Bàbá kò tilẹ̀ wo hándù náà, èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, “Irin tí a bá ti gé kò ní gbòǹgbò o. Dọ̀bálẹ̀.” Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ni mo ṣẹ̀. Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀ sórí páálí, kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ bí àwọn ṣọ́jà ṣe ń ṣe nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí n gbé ara mi sókè, kí n sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, tí ọwọ́ mi sì ti fúnra rẹ̀ wá ibi tí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, wọ́n ní kí n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ẹfun fa ilà sí ẹ̀gbẹ́ ìta àtẹ́lẹwọ́ mi kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Téèpù ka sẹ̀ǹtímítà 77. Bàbá ní ìyẹn kì í ṣe òfin, pé ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ni.

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ yìí ni mo gbádùn jù nínú gbogbo ìrìn-àjò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rìn ju kìlómítà ogún lọ. Bàbá ní kò sí ẹni tí yóò fi ayùn kan ọ̀pá náà lónìí. Kí n sún gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ wọ inú, kí n gùn ún bí ẹni pé ó ti kúrú, kí n sì padà wá jábọ̀. Ọgbọ́n yìí rọrùn débi pé ojú tì mí pé èmi tí ìwọ̀n jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ mi kò rò ó.

Mo kọ́kọ́ tú asà ọwọ́ kúrò, ìyẹn irin tó tẹ̀ bí ọrun tó ń dáàbò bo ìka, tí bóòtù kan tó ń fẹ̀ nínú ihò ọ̀pá dì mú ní ṣóńṣó. Rọ́bà ọwọ́ òsì kò fẹ́ kúrò. Mo fi sikudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé etí rẹ̀ sókè, mo kán omi ọṣẹ sí abẹ́ rẹ̀, mo sì ń lọ́ ọ títí tó fi yọ. Lẹ́yìn èyí ni mo dẹ bóòtù kílọ́ọ̀ṣì (irin ọwọ́ òsì tí a ń fà láti já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà), ti bíréèkì iwájú, àti ti ọwọ́ iná, èyí tí a ń yí lápá ọ̀tún láti fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Wáyà ni bíréèkì iwájú tèmi ń lò, kò ní epo tó lè dà, iṣẹ́ náà sì tètè yá.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tí mo ń pariwo rẹ̀ lánàá kò tilẹ̀ ṣeé dán wò. Bí mo ṣe sún kílọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀, ó bá ibi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, kò sì lè jókòó dáadáa mọ́. Ká ní a ti gé e lánàá ni, ọ̀pá náà ì bá ti di igi ìdáná. Mo padà sí mẹ́ta mẹ́ta, èyí tó sọ ọ́ di 76, a sì gbéra.

Nínú ọ̀nà ọgbà ọrọ́, 76 dùn bí oyin. Mo kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti wa tánńganran láyé àtijọ́, níbi tí òkìtì iyanrìn àti ihò tó kún fún omi ṣì wà káàkiri, táyà iwájú wọ iyanrìn, mo fẹ́ yí i padà, ó sì dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ilẹ̀kùn tí ẹnì kan dì mú láti inú. Ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì ti sún mọ́ ìhà mi nígbà tí mo dìde dúró, n kò sì rí ibi fi agbára sí. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo jókòó sórí òkìtì kan tó jìnnà sí omi, mo sún ohun gbogbo síta ní sẹ̀ǹtímítà kan kan, ó di 78, mo sì tún iyanrìn kan náà gùn. Ìyàtọ̀ náà ga. Sẹ̀ǹtímítà kan lápá kan, ìwọ̀n èékánná ìka kékeré!

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé iyanrìn náà ti mọ̀ yín ni?” Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n wá. Mo padà sí 76, mo gùn ún. Mo padà sí 78, mo gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, èjìká mi sì ń fún mi ní èsì kan náà. Nínú ọgbà ọrọ́, 78 kò rọrùn tó 76, mo ní láti máa wo ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n mo kọjá. Ọgbà ọrọ́ kò sì sí ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Àbújá. Iyanrìn etí odò ni mo ń bá jà níbẹ̀. Mo fara mọ́ 78.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́ Ẹtì

Bàbá ní kí n fa ilà ibi tí a ó gé. Mo gbé téèpù mi jáde pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, mo wọ̀n láti etí ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dì ọ̀pá mọ́ orí fọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, lọ sí apá kọ̀ọ̀kan, mo sì fa ilà méjì. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n mú okùn kan, wọ́n ta á láti ṣóńṣó ọ̀pá dé ṣóńṣó kejì, wọ́n ṣẹ́ ẹ po sí méjì, wọ́n sì fi hàn mí pé àárín ọ̀pá gan-an kò sí ní àárín ibi tí a ti dì í. Ọ̀pá náà ti sún sí ọ̀tún ní mìlímítà mẹ́rin, bóyá láti ọjọ́ tí mo ti dè é. Ká ní a tẹ̀ lé ilà tèmi ni, apá kan ì bá kúrú ju èkejì lọ títí ayé, ẹ̀yìn mi ì bá sì máa wọ́ láìmọ ohun tó ń ṣe é. Bàbá kàn ní, “Okùn kì í parọ́, awọnlẹ̀.” Wọ́n dẹ bóòtù, wọ́n dá ọ̀pá padà sí àárín, wọ́n tún un dè, nígbà náà ni wọ́n tó wọn sẹ̀ǹtímítà méjì méjì láti ṣóńṣó wọ inú.

Wọn kò fi ojú lásán gé e. Wọ́n de kílípù irin, irú èyí tí a fi ń di ọ̀pá omi rádíétọ̀ ọkọ̀, yí ọ̀pá náà ká lórí ilà, wọ́n sì fi ayùn irin gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kílípù náà, kí ojú ibi tí a gé má baà dagun. Alumíníọ̀mù rọ̀, ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó fún apá kan. Kí wọ́n tó fi fáìlì dán ẹnu rẹ̀, wọ́n fi ẹfun ra fáìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo béèrè ìdí, wọ́n ní alumíníọ̀mù máa ń há sí eyín fáìlì, tí fáìlì yóò sì di pẹlẹbẹ bí ahọ́n, ṣùgbọ́n ẹfun kì í jẹ́ kí ó rí àyè há. Wọ́n dán inú, wọ́n dán òde, wọ́n sì fi àkísà tí wọ́n so mọ́ wáyà nu inú ihò náà, torí ẹyọ irin kan ṣoṣo tó bá wọ abẹ́ ọwọ́ iná lè mú un há. Wọ́n fi àtàǹpàkò yí ẹnu ọ̀pá náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹnu ọ̀pá tó bá mú, tí a kò sì fi nǹkan dí, yóò gé ẹran ara ẹni tó bá ṣubú lé e bí ife ṣe ń gé ìyẹ̀fun pípò.

Wọ́n fi bẹntiróòlù díẹ̀ nu inú rọ́bà òsì kí ó lè yọ̀ wọlé, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ó gbẹ, kí ó sì di ọ̀pá mú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti padà sí ipò, wọ́n ní kí n tá ẹ́ńjìnnì, kí n má fọwọ́ kan iná, kí n kàn yí hándù lọ sí òsì títí yóò fi dúró. Ohùn ẹ́ńjìnnì ròkè fúnra rẹ̀. Wáyà ọwọ́ iná ti gùn ju ọ̀nà rẹ̀ lọ báyìí tí hándù ti kúrú, ó wú síta, ó há sí ẹ̀gbẹ́ iná iwájú, yíyí hándù sì ń fà á. A tú u, a gbà á ní ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì, a sì tún yí i lọ sí òsì àti ọ̀tún. Ohùn kò yí padà mọ́.

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Òtútù àárọ̀ yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Omi inú báàkẹ́ẹ̀tì ń ta ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tí a ń gbéra lọ sí apá Riyom fún ìdánwò, mo rí i pé asà ọwọ́ ọ̀tún ń mì, mo sì fi sípánà fún bóòtù rẹ̀ le láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìkánjú ni.

Lórí ìdagẹ̀rẹ̀ kan mo fún un ní iná díẹ̀, mo sì dá ọwọ́ padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ iná kò bá mi padà. Ẹ́ńjìnnì ń ké. Mo fa kílọ́ọ̀ṣì, mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì, mo sì rọra lo bíréèkì ẹ̀yìn títí mo fi dúró sínú koríko gbígbẹ, ọkàn mi ń lù kìkì. Kò sí ohun tó já, kò sí ohun tó ṣẹ́. Nígbà tí mo fún bóòtù asà le, mo ti fà á wọ inú tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí rẹ̀ fi ń fún ẹnu rọ́bà ọwọ́ iná mọ́lẹ̀, kò sì lè yí padà mọ́. Kí a tó gé ọ̀pá, àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ tí n kò fiyè sí rí. Nígbà tí a dá ohun gbogbo padà, mo ti sún ọwọ́ iná dé ẹnu ọ̀pá láìfi àlàfo náà sílẹ̀.

Mo dẹ ẹ, mo sún ọwọ́ iná wọ inú ní nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta, mo tún gbogbo rẹ̀ dè, mo sì yí i kí n jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ta padà pẹ̀lú ìró “tá” tó yẹ kí ó máa dún. Mo tún ṣe é pẹ̀lú hándù ní òsì, mo tún ṣe é ní ọ̀tún. Nígbà tí mo jábọ̀ fún Bàbá lálẹ́, wọ́n bínú sí mi ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n ní gígé ọ̀pá kọ́ ni iṣẹ́, dídá ohun orí rẹ̀ padà sí ipò ni iṣẹ́. Ìyàwó wọn ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jẹun.

Ọjọ́ keje, Ọjọ́ Àìkú

A dágbére ní kùtùkùtù, a sì sọ̀ kalẹ̀ láti Hawan Kibo pẹ̀lú ìṣọ́ra. Mo fiyè sí i pé nínú àwọn kọ́rọ́ náà mo ní láti ti ọwọ́ díẹ̀ sí i ju bí mo ṣe ti í nígbà tí à ń gùn lọ, ṣùgbọ́n n kò ní láti na apá jìnnà. Èjìká kò dùn mí dé Akwanga. Ọrùn ọwọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí díẹ̀ lẹ́yìn Keffi, mo sì rí i pé bí ọwọ́ ṣe súnmọ́ inú, ìka mi kò bọ́ sórí kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì bíi ti tẹ́lẹ̀. A dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo yí àwọn méjèèjì sísàlẹ̀ díẹ̀ títí wọ́n fi bá ìlà apá mi mu.

Ní Mararaba, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ti dúró dè wá. Àbúrò mi gba àárín bọ́ọ̀sì méjì kọjá, ó sì bojú wẹ̀yìn láti rí i bí èmi yóò ṣe ṣe é. Mo kọjá, ó ku nǹkan bí ìka méjì lápá kọ̀ọ̀kan. Nílé, kí n tó bọ́ bàtà, mo tún ta téèpù sí i, ó sì ka 78 gééré. Lẹ́yìn náà ni mo mú okùn.